A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Bí Ìsọ̀ Onídìrí Ṣe Lè Ṣí Láìléwu Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn Yorùbá ń ṣe, iṣẹ́ irun ni ó ṣòro jù lọ láti ṣe láti òkèèrè, nítorí pé télọ̀ lè gba aṣọ lónìí kí ó sì fi ránṣẹ́ lọ́la, olóúnjẹ lè gbé abọ́ ka ẹnu ọ̀nà oníbàárà kí ó sì yí padà, ṣùgbọ́n kò sí onídìrí tí ó lè ní kí oníbàárà fi orí sílẹ̀ lówùúrọ̀ kí ó wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́. Òwe tí ó sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí, èyí tí àwọn àgbà sábà máa ń pa nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìpè é sí i, inú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ti fa á yọ. Ẹni tí ó ni orí gbọ́dọ̀ jókòó, ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ dúró tì í, ọwọ́ gbọ́dọ̀ kan orí, èémí àwọn méjèèjì yóò sì pàdé fún ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí fún odidi ọjọ́ kan. Nígbà tí àrùn kan wá dé tí ó ń gba inú èémí ràn, ohun tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ni ó di ewu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtúnṣí àwọn ìsọ̀ onídìrí àti ti onígbàjámọ̀, ẹni tí èdè ìgboro ń pè ní bábà, fi ju ọ̀rọ̀ kí a kàn ṣí ilẹ̀kùn lọ, tí ó sì fi gba kí a tún bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń fọ nǹkan àti bí a ṣe ń ná owó nínú ìsọ̀ tò.

Bí ilẹ̀kùn ṣe tì, àti bí ó ṣe ṣí

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tí ó bá ọkọ̀ òfurufú dé sí Èkó ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Àbújá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn kún un. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dẹ òfin náà díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, tí a sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn láti agogo 8 alẹ́ sí agogo 6 òwúrọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi ìsọ̀ onídìrí àti ti onígbàjámọ̀ sí ara àwọn ibi tí kò ní tíì ṣí, ó kó wọn pọ̀ mọ́ ilé sinimá, ilé eré ìdárayá àti ọgbà ìgbafẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àjọ tí ń rí sí ààbò ní ìpínlẹ̀ Èkó, Lagos State Safety Commission, gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó ní kí àwọn ilé ìjọsìn, gbọ̀ngàn ayẹyẹ àti ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀, kí a sì yẹ ìmúrasílẹ̀ wọn wò, kí wọ́n tó ṣí.

Fún ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 621,509 ènìyàn sí ìjọba ìbílẹ̀ náà. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí Máfolúkù, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò rẹ̀. Òṣòdì fúnra rẹ̀ sì ni oríta tí ojú ọ̀nà Agége ti pàdé ọ̀nà tí ó lọ sí Àpápá, níbi tí ìjọba kọ́ ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta sí, tí wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ibi tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, orí ni ó pọ̀ níbẹ̀. Láti abẹ́ agboòrùn àwọn tí ń dirun lẹ́bàá ọjà, dé inú kọ́ńténà onígbàjámọ̀ tí kò gbà ju àga méjì lọ, dé sàlúùnù onígíláàsì tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí òpópónà pàtàkì kan ní Ìsọlọ̀ tí ẹni tí ń wá ibi tí yóò ti ṣe irun yóò rìn já kí ó má rí i.

Púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ yìí kò ní owó oṣù. Owó tí orí àkọ́kọ́ lówùúrọ̀ bá mú wá ni wọ́n fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ti orí kejì ni wọ́n fi ń jẹun, ti orí kẹta ni wọ́n ń fún alájọ, ìyẹn ẹni tí ń gba owó lójoojúmọ́ tí yóò sì kó o fún olówó ní ìparí oṣù. Nígbà tí ìsọ̀ tì fún ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan, àjọ dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ìsọ̀ kò dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó kù díẹ̀ kí ó gba òmìnira kò mọ ìgbà tí yóò parí. Nítorí náà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí gbé òòyà àti kílípà sínú àpò, wọ́n ń lọ bá oníbàárà nílé, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ lè má tóbi tó ti ìsọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ohun tí èyí kọ́ni ni pé títì ilẹ̀kùn kò fi bẹ́ẹ̀ dá iṣẹ́ irun dúró. Ó kàn gbé e lọ sí ibi tí ojú kò tó o. Òfin tí a bá ṣe fún iṣẹ́ kan láìpe àwọn tí ń ṣe é jókòó, orí ni a fá lẹ́yìn olórí.

Bí àrùn ṣe ń rìn nínú ìsọ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni àrùn lè gbà nínú ìsọ̀ onídìrí: èémí, ọwọ́ àti irinṣẹ́. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ nínú ọdún 2020, ọwọ́ àti irinṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbájú mọ́, débi pé wọ́n ń fọ́n oògùn sí owó bébà, sí àga àti sí bàtà. Ṣùgbọ́n bí ìwádìí ti ń pọ̀ sí i ni ó ń hàn pé inú afẹ́fẹ́ ni kòrónà ti ń rí ọ̀nà jù. Nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín tàbí tí ó ń húkọ́, ẹ̀kán omi wíwẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí yóò máa ti ẹnu àti imú rẹ̀ jáde. Àwọn tí ó tóbi nínú rẹ̀ yóò tètè jábọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kéré jù yóò rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ bí èéfín, pàápàá nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti wọlé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, àjọ tí ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ohun tí kòkòrò náà wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó kó àrùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000. Kò túmọ̀ sí pé kí a má fọ nǹkan mọ́. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé onísọ̀ tí ó fọ àga rẹ̀ mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n tí ó ti gbogbo fèrèsé pa, ẹ̀yìnkùlé ni ó ń ṣọ́ nígbà tí olè ń gba iwájú wọlé.

Àpẹẹrẹ kan láti ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà, ni ó tan ìmọ́lẹ̀ jù lọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àwọn aṣerunlóge méjì tí wọ́n ti ní kòrónà lára bá iṣẹ́ lọ fún ọjọ́ bí mélòó kan kí èsì àyẹ̀wò wọn tó jáde, oníbàárà 139 ni wọ́n sì ṣe irun fún. Àwọn méjèèjì lo ìbòmú, òfin ìlú sì ní kí oníbàárà náà lò ó. Àwọn elétò ìlera tọpa gbogbo oníbàárà náà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tí àmì àìsàn náà hàn lára rẹ̀. Àwọn 67 tí ó gbà kí a yẹ̀ wọ́n wò, kò sí ẹni tí a bá a lára rẹ̀. Àmọ́ níta ìsọ̀, ènìyàn mẹ́rin tí ó súnmọ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣerunlóge náà ni àrùn náà ràn. Ọwọ́ kan náà ni ó ṣe irun ní ìsọ̀ tí ó sì ṣe iṣẹ́ ilé. Ó ṣeé ṣe kí aṣọ tí ó bo imú wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí sàlúùnù ọmọ Áfíríkà ti pọ̀ ní àdúgbò bíi Peckham ní London, wọ́n ti gbogbo ìsọ̀ irun pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n sì ṣí i padà ní ọjọ́ 4 oṣù Keje. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pa láṣẹ fún òṣìṣẹ́ ni ike tí ó mọ́ bíi gíláàsì tí a ń fi bo ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, wọ́n ní kí wọ́n fi ìbòmú kún un, nítorí pé ike náà dá ẹ̀kán omi ńlá dúró, ṣùgbọ́n èémí ń gba abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbé ẹ̀kọ́ Springfield wá sí Ìsọlọ̀ láìwo ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 15 sí 45 ni oníbàárà kọ̀ọ̀kan lò níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ Òṣòdì lè bá ìwọ̀n yẹn mu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ di wíwẹ́ pẹ̀lú àtáṣìmẹ́ǹtì, ìyẹn irun oníke tí a ń so mọ́ irun orí, lè jókòó láti agogo 10 òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá yóò dúró sí apá ọ̀tún, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan yóò wà ní apá òsì, òmíràn yóò máa ya àtáṣìmẹ́ǹtì sọ́tọ̀ níwájú. Ìtàn àdúgbò yóò máa lọ láti ẹnu dé ẹnu lórí orí oníbàárà, a ó jẹun níbẹ̀, a ó gba ìpè níbẹ̀, ọmọ oníbàárà yóò sì sùn sórí àga ìkejì. Ọwọ́ mẹ́fà lórí orí kan máa ń mú kí iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n imú mẹ́ta ni ó ń mí lé oníbàárà lórí. Bí àkókò bá ṣe gùn tó ni ewu ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, ìbòmú nìkan kò tó fún irun wíwẹ́, fèrèsé ṣíṣí ni ohun tí ó tún nílò.

Fèrèsé àti jẹnẹrétọ̀

Ìmọ̀ràn tí ó rọrùn jù fún gbogbo ìsọ̀ lágbàáyé ni pé kí a ṣí fèrèsé. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ìmọ̀ràn yìí bá jẹnẹrétọ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Nígbà tí iná bá lọ, ìsọ̀ mẹ́wàá tí ó wà ní ìlà kan náà lè tan jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá, èyí tí ó sì kéré jù nínú wọn sábà máa ń wà lábẹ́ fèrèsé tàbí ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nítorí kí olè má baà gbé e. Bí a bá ti fèrèsé, èémí àwọn ènìyàn yóò dúró sínú ilé; bí a bá ṣí i, èéfín yóò wọlé, èéfín náà sì ní gáàsì olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ carbon monoxide, tí ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ dáradára nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́jú ní ìlú wa. Onísọ̀ kò gbọdọ̀ fi ewu kan ra òmíràn.

Ohun tí ó tọ́ ni kí àwọn onísọ̀ tí ó wà ní ìlà kan náà fohùn ṣọ̀kan láti kó àwọn ẹ̀rọ wọn sí ibi kan lẹ́yìn ilé, nínú àgò irin tí ó ní àgádágodo, níbi tí ẹnu èéfín kò ti kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí, kí ilẹ̀kùn iwájú àti fèrèsé ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibì kan wọlé kí ó sì gba ibòmíràn jáde, nítorí pé yàrá tí ó ní ẹnu kan ṣoṣo kì í mí dáadáa. A lè gbé fáànù sí ẹnu fèrèsé kí ó kọjú síta, kí ó máa lé afẹ́fẹ́ inú ilé jáde. Èyí tí a bá gbé sí àárín, tí ó ń yípo, kò ṣe ju kí ó máa gbé èémí ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ amúlétutù tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ìsọ̀ wa kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun láti ìta. Èyí tí ó wà nínú yàrá tẹ́lẹ̀ náà ni ó ń mú tutù, tí ó sì ń dá padà. Ìyá àgbà tí ń dirun fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ igi, lórí ẹní, kò ka ìwé kankan nípa afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó yàn ni ó dára jù lọ títí di òní. Ìsọ̀ tí ó bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ìbòrí níwájú, kí ó gbé iṣẹ́ tí ó gùn jù síta, kí ó sì fi inú ilé sílẹ̀ fún irun fífọ̀ àti èyí tí ó bá nílò iná.

Kílípà, òòyà àti oògùn tí a fi ń fọ̀ wọ́n

Pípa kòkòrò lára irinṣẹ́ kì í ṣe ohun tí kòrónà kọ́ àwọn onígbàjámọ̀ Èkó. Kí ó tó dé ni ìbẹ̀rù àrùn kògbóògùn HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú ti mú kí ọ̀pọ̀ oníbàárà ra kílípà tiwọn, kí wọ́n máa gbé e wá nínú àpò kékeré, tí ìsọ̀ púpọ̀ sì fi ní àpótí kan tí iná búlúù ń tàn nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ráísà. Làpálàpá tí ń jẹ orí ọmọ ilé ìwé ti wà ṣáájú gbogbo rẹ̀. Kílípà tí a kò fọ̀ láti orí ọmọ kan sí òmíràn jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ó ń gbà ràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fọ irinṣẹ́ rẹ̀ nítorí kòrónà, àrùn mẹ́ta mìíràn ni ó ń lé lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni iṣẹ́ náà ní. Bí onígbàjámọ̀ bá gẹ irun tán tí ó sì ti kílípà bọ inú àpótí búlúù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà kò lè ṣe ohun tí a gbé e sí, nítorí pé ibi tí ó bá tàn dé nìkan ni ó ti lè pa kòkòrò. Irun kékeré tí ó há sáàárín eyín kílípà, pẹ̀lú ọ̀rá orí tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, jẹ́ òrùlé fún ohun tí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ pa iná, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun kúrò láàrin eyín rẹ̀, kí ó fi òwú tí a rẹ sínú sípírítì tí ó tó 70% nù ún, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó kan epo díẹ̀ sí i kí ó má baà dógùn-ún. Sípírítì ń yára gbiná, nítorí náà kò gbọdọ̀ súnmọ́ àbẹ́là tàbí iná tí a fi ń jó ìdí àtáṣìmẹ́ǹtì.

Òòyà, rólà àti ọpọ́n tí ó jẹ́ ike kò nílò sípírítì. Ọṣẹ àti omi ni a ó kọ́kọ́ fi fọ̀ wọ́n kí irun àti ọ̀rá kúrò, lẹ́yìn náà ni a ó rì wọ́n sínú omi tí a po mọ́ oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun, èyí tí a mọ̀ sí Jik tàbí Hypo. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn fún ibi tí kì í ṣe ilé ìwòsàn ni 0.1%. Bí a bá kọ 3.5% sí ara ike oògùn náà, ṣíbí ìjẹun ńlá méjì nínú omi lítà kan yóò fún wa ní ìwọ̀n yẹn. Kí a po ó lójoojúmọ́, nítorí pé oòrùn àti ọjọ́ ń gba agbára rẹ̀; kí a fi omi lásán ṣan òòyà náà kí ó tó kan orí ẹlòmíràn. A kò gbọdọ̀ po ó mọ́ ọtí kíkan, tàbí kí a dà á sínú ọpọ́n tí a ti po àwọ̀ irun sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọ̀ irun ní ammonia nínú, bí àwọn méjèèjì bá sì pàdé, wọ́n ń mú gáàsì jáde tí ó lè dí ènìyàn lọ́nà ọ̀fun.

Fún ọwọ́, ọṣẹ àti omi tó. Ní Gánà, Veronica Bekoe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ohun abẹ̀mí, ṣe ike omi kan tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, kí àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lè fọ ọwọ́ lábẹ́ omi tí ń ṣàn níbi tí ẹ̀rọ omi kò ti sí. Orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pè é. Irú ike yìí ni ó kún ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ní Èkó ní ọdún 2014 nígbà tí Èbólà dé, ó sì tún padà wá ní ọdún 2020. Ìdí tí ó fi ń parẹ́ lẹ́yìn ìbẹ̀rù ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa pọn omi kún un, omi náà sì lè jẹ́ èyí tí a rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Ìsọ̀ tí kò bá yan ẹni tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tirẹ̀ láràárọ̀, ike gbígbẹ ni yóò gbé sẹ́nu ọ̀nà fún àwọn olùyẹ̀wò.

Kí ó lè pẹ́

Ààbò tí kò lè pẹ́ kì í ṣe ààbò. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ní kí àwọn onísọ̀ máa lò ní ọdún 2020 jẹ́ ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń sọnù: ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, ìbòmú bébà, ọ̀rá tí a fi ń bo èjìká. Owó ojoojúmọ́ ni, ìdọ̀tí ojoojúmọ́ ni pẹ̀lú. Aṣọ òwú tí a gé bo èjìká, tí a ní mẹ́wàá rẹ̀ nílẹ̀, tí a ń fi ọṣẹ fọ̀ tí a sì ń sá sóòrùn ní ìrọ̀lẹ́, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìbòmú aṣọ tí ó nípọn dáadáa náà ṣeé fọ̀. Ìbọ̀wọ́ yẹ fún rìláásà àti àwọ̀ irun tí ó lè jó ọwọ́; ṣùgbọ́n fún irun dídì, ọwọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sàn ju ìbọ̀wọ́ kan náà tí a fi di orí mẹ́ta lọ.

Ìdọ̀tí irun fúnra rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì tí kò jọra. Irun tí onígbàjámọ̀ gbá nílẹ̀ wá láti ara ohun abẹ̀mí, èròjà tí ń bọ́ ewéko wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó jẹrà. Àtáṣìmẹ́ǹtì kì í jẹrà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ike ni, tí a fà gùn bí òwú. Nígbà tí a bá tú irun àtijọ́, tí a sì gbá a sí gọ́tà pẹ̀lú omi ṣáńpú, yóò lọ́ mọ́ ọ̀rá omi àti ìgò ike, yóò sì di okùn tí ń so ìdọ̀tí pọ̀, tí yóò dí ojú àgbàrá tí ó yẹ kí ó ṣàn lọ sí ipa odò Òkè-Afá. Ìsọ̀ kò nílò ju àpò méjì lọ: ọ̀kan fún irun oníke àti ọ̀rá tí àwọn akólẹ̀ yóò gbé, èkejì fún irun orí. Kí a má ṣe dáná sun irun oníke lẹ́yìn ilé, nítorí pé èéfín rẹ̀ lóró.

Ibì kan wà tí àjàkálẹ̀ àrùn fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà àtijọ́ hàn. Ní Kibera, àdúgbò àwọn tálákà ní Nairobi, ní ìlà oòrùn Áfíríkà, àwọn onídìrí ní ọdún 2020 sọ irun olówùú tí ó ga sókè bí ẹ̀gún di irun kòrónà, nítorí pé ó jọ àwòrán kòkòrò náà. Irun tí ó ti ń lọ sí ìgbàgbé tún gbòde nítorí pé kò wọ́n rárá, ó sì rán àwọn ènìyàn létí pé àrùn náà kì í ṣe àlá. Yorùbá mọ irun yìí dáadáa, irun kíkó ni. Òwú dúdú, òòyà àti ọwọ́ ni ó nílò. Kò nílò iná, kò nílò àtáṣìmẹ́ǹtì, kò nílò omi gbígbóná tí a ń ti ìdí irun bọ̀, kò sì ń gba odidi ọjọ́ kan. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀ àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí a di láìfi irun oníke kún un náà wà ní ipò kan náà. Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni fi òfin mú oníbàárà, ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí ó bá tún kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní irun kíkó ní irun tí ó lè tà lọ́jọ́ tí epo bá wọ́n, lọ́jọ́ tí àtáṣìmẹ́ǹtì bá wọ́n, àti lọ́jọ́ tí kò yẹ kí oníbàárà pẹ́ lórí àga.

Àkókò sì ni owó. Bí àga mẹ́rin bá di méjì kí àyè lè wà láàrin wọn, owó ìsọ̀ kò ní dín kù sí ìdajì. Ohun tí ó lè dí àlàfo náà ni kí oníbàárà máa fi fóònù gba àkókò tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó san díẹ̀ ṣáájú, kí ó sì dé ní àkókò rẹ̀ láìkó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn. Àga tí kò ṣófo láti òwúrọ̀ di alẹ́ lójoojúmọ́ ń pawó ju àga mẹ́rin tí ènìyàn kún lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n sì gbófo lọ́jọ́ Túsìdeé. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kílípà tí ń gba iná pamọ́ àti sólà kékeré tí ó lè gbé gílóòbù àti fáànù ti kúrò ní ohun afẹ́. Wọ́n dín owó epo kù, wọ́n sì jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí láìsí èéfín.

Lójú olórí

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ike omi ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ìsọ̀, ìbòmú sì ti padà sí ilé ìwòsàn. Bí a bá ka gbogbo ètò ọdún 2020 sí ohun tí a ṣe nítorí ìjọba, kò sí ohun tí ó burú nínú kí ó lọ pẹ̀lú òfin tí ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n làpálàpá kò kéde pé òun ti lọ, ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn ṣì wà, èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣì ń wọlé lójú fèrèsé, gọ́tà sì ń dí ní gbogbo ìgbà òjò. Fèrèsé méjì tí ó ṣí, òòyà tí a fọ̀, aṣọ èjìká tí a sá, àti oníbàárà tí ó dé lákòókò, gbogbo ìwọ̀nyí ń gbà wá lọ́wọ́ àrùn tí a mọ̀ kí wọ́n tó gbà wá lọ́wọ́ èyí tí a kò tíì mọ̀.

Olùyẹ̀wò ìjọba lè wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó sì lè má wá rárá. Ẹni tí kì í yẹ̀ níbẹ̀ ni ẹni tí ó jókòó sórí àga. Nítorí náà, àṣà kan tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni kí onígbàjámọ̀ máa gbá kílípà rẹ̀, kí ó máa fi sípírítì nù ún níwájú oníbàárà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí oníbàárà náà má sì tijú láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ bá mi nu kílípà yẹn kí ẹ tó gbé e sí mi lórí.” A kì í fárí lẹ́yìn olórí, kò sì yẹ kí a máa fọ ohun tí a ó fi fá a lẹ́yìn rẹ̀.